Ìran Kọ́ Ni Mo Rí

Òkú Kúbúrá kì í wá lóru bí òkú yòókù. Ọ̀sán gangan ló máa ń wá, nígbà tí oòrùn bá ti mú gbogbo páànù Oníyanrìn gbóná, tí àwọn ewúrẹ́ pàápàá ti sá sábẹ́ ìbòòji. Hilda á ti sọ garawa rẹ̀ kalẹ̀, á ti mú oṣùká kúrò lórí, á ní kí òun fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kó tó pajú dé, á mọ̀ ọ́n lára pé ẹnì kan ti jókòó sí ìdí ẹní. Á gbọ́ òórùn káún. Bẹ́ẹ̀ kò sí káún nínú ilé Hilda. Láti ọjọ́ tí ògiri ti wó ni kò ti se ọbẹ̀ tó ń fẹ́ káún mọ́. Ẹni tó jókòó náà ò ní sọ̀rọ̀. Á kàn máa gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lórí gèlè rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí obìnrin tó ti ọjà dé tó sì ti rẹ̀. Bí Hilda bá yíjú síbẹ̀, ẹní lásán ló máa bá.

Àwọn ará ilé mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe é. Wọ́n rò pé Ẹ̀mí ni. Ìyẹn gan-an ló wá burú níbẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá ń bá òkú gbé, wọ́n á wá ìtọ́jú fún un. Hilda ń bá òkú gbé, àwọn èèyàn ń kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ pé kó gbàdúrà fún àwọn.

Ta ni Hilda gan-an? Apọnmi ni. Opó ni, ọmọ ìjọ Aládùúrà kan ní Oníyanrìn. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Olúyẹmí, ń ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Kàdúná, ìyẹn làwọn èèyàn fi ń pè é ní Ìyá Yẹmí. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ló ti ń pọnmi fún àwọn bíríkìlà. Ibikíbi tí wọ́n bá ti ń mọlé láàárín Bẹẹrẹ sí Ọjà'ba, ẹ ó bá a níbẹ̀, garawa lórí, ọwọ́ méjèèjì nílẹ̀, omi ò sì ní ta sílẹ̀. Tó bá di ọjọ́ ìsinmi ẹ̀wẹ̀, á wọ aṣọ funfun, á bọ́ bàtà, á di aríran. Ká sọ òótọ́, ìran rẹ̀ ò lágbára. Ó lè rí i pé kí ẹnì kan ṣọ́ra fún ọ̀rẹ́, tàbí pé kí aláboyún kan má máa jẹun níta. Ta wá ni kò yẹ kó ṣọ́ra fún ọ̀rẹ́? Ṣùgbọ́n obìnrin tó ṣeé finú hàn ni, ìjọ sì fẹ́ràn rẹ̀.

Kúbúrá ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kúbúrá, ìyàwó Sàídì alágbẹ̀dẹ ní Bẹ́yẹrúnkà, ń ta káún ní Ògùnpa, nínú ìsọ̀ tó kángun sí odò. Mùsùlùmí ni, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Nínú ìsọ̀ rẹ̀ ni Hilda máa ń gbé garawa pamọ́ sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń jọ jẹun ọ̀sán. Kúbúrá á ní, “Ìwọ aláṣọ funfun yìí, ṣé Ẹ̀mí ò sọ fún ẹ pé iyọ̀ ti pọ̀ jù nínú ọbẹ̀ yìí?” Àwọn méjèèjì á rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ọdún gbọọrọ, kò sì sí ọjọ́ kan tí ìsìn dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn.

Ní ọdún tó ṣáájú òmìnira, kánsù ní kí wọ́n mọ ògiri sáàárín ìsọ̀ àwọn ọlọ́jà àti odò, kí omi òjò má baà máa wọ ọjà. Wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún Ọládiípọ̀. Agbaṣẹ́ṣe pàtàkì ni Ọládiípọ̀, òun náà sì ni Bàbá Ìjọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì Hilda. Òun ló fi páànù kan ṣọ́ọ̀ṣì náà, òun ló ra agogo tí wọ́n ń lù níbẹ̀. Bó bá wúkọ́ nínú ìsìn, wòlíì á dúró kó wúkọ́ tán. Hilda wà lára àwọn tó ń pọnmi níbi iṣẹ́ ògiri yìí.

Ohun tó rí níbẹ̀ kì í ṣe ohun tó pamọ́. Ọkọ̀ á já sìmẹ́ńtì sílẹ̀ láàárọ̀ kí gbogbo ayé lè rí i. Tó bá di ọwọ́ ọ̀sán, ọkọ̀ kan náà á kó o padà, ó di ibi pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí Ọládiípọ̀ ń kọ́ fún ara rẹ̀. Àwọn bíríkìlà á wá ṣí aṣọ tí wọ́n fi bo òkìtì kan, wọ́n á ní kí Hilda da omi sí i. Amọ̀ ni. Amọ̀ ni wọ́n fi ń mọ ògiri náà láti ìsàlẹ̀ dókè, wọ́n á wá fi sìmẹ́ńtì tíntín rẹ́ ẹ lára.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ògiri amọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé tẹ́ ẹ bá wò láti orí òkè Mápó, amọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ni, ilé náà á sì gbó ju ẹni tó kọ́ ọ lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ò fi fura sí i. Ṣùgbọ́n ilé ní òrùlé lórí. Ògiri Ògùnpa ò ní òrùlé, inú omi ló sì ki ẹsẹ̀ bọ̀. Hilda bi ọ̀gá àwọn bíríkìlà léèrè pé ṣé amọ̀ yìí nìkan ni wọ́n máa fi mọ ọ́n parí. Ọkùnrin náà ò gbójú sókè. Ó ní, “Ìyá Yẹmí, omi lẹ wá pọn.”

Ta ni yóò sọ ọ́ fún? Àwọn wolé-wolé tí iṣẹ́ kánsù wà lábẹ́ wọn, ilé Ọládiípọ̀ ni wọ́n ti ń jẹun ọdún. Bó bá lọ sọ́dọ̀ mọ́gàjí, wọ́n á bi í pé taa ló rán apọnmi níṣẹ́ ẹnu. Nínú ìjọ ńkọ́? Ẹnì kan ṣoṣo ló lè bá Bàbá Ìjọ wí níbẹ̀ tí Bàbá Ìjọ á dọ̀bálẹ̀ gbọ́, Ẹ̀mí ni. Bí aríran bá ní báyìí ni wọ́n wí, kò sẹ́ni tó máa dá a lẹ́bi. Òun kọ́ ló sọ ọ́. Hilda rò ó lọ, ó rò ó bọ̀, ó wá gbé òótọ́ tó fojú rí wọ aṣọ ìran. Lọ́jọ́ ìsinmi, nígbà tí orin gbóná, ó ṣubú lulẹ̀, ó gbọ̀n, ó ní òun rí ògiri kan létí odò, òun rí i tó ń wó, amọ̀ ni, amọ̀ ni.

Ohun tó rò ni pé wọ́n á lọ wo ògiri. Obìnrin tó dàgbà sínú ìjọ yẹn, ó yẹ kó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Aládùúrà kì í fi dígà pàdé ìran. Ààwẹ̀ ni wọ́n fi ń pàdé ìran. Wòlíì ní ọmọ ènìyàn ni amọ̀, torí amọ̀ ni Ọlọ́run fi mọ Ádámù, nítorí náà ọ̀tá ló fẹ́ bi ènìyàn ńlá kan ṣubú. Gbogbo ojú yí sí Bàbá Ìjọ. Bàbá Ìjọ bú sẹ́kún, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó tú àṣírí àwọn ọ̀tá òun. Òun fúnra rẹ̀ ló ra àbẹ́là. Wọ́n gbààwẹ̀, wọ́n wọ aṣọ funfun lọ sí Ògùnpa, wọ́n kọrin yí ògiri náà po, wọ́n fi omi àdúrà wọ́n ọn lára. Hilda wà láàárín wọn, ó gbé àbẹ́là tirẹ̀ lọ́wọ́. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Lọ́jọ́ kejì, Kúbúrá bi í. Wọ́n ń jẹun lọ́wọ́ ni. Kúbúrá ò tilẹ̀ fi ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

Ó ní, “Hilda, wọ́n ní o ríran sí ògiri ẹ̀yìn mi yìí. Ṣé kí n kó káún mi kúrò ni?”

Ìbéèrè náà ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí Hilda bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, Kúbúrá á béèrè ìdí. Bó bá sọ ìdí, kó tó di àṣálẹ́ gbogbo Ògùnpa á ti gbọ́ pé Ẹ̀mí ò bá Hilda sọ nǹkan kan, pé irọ́ ló pa mọ́ Ẹ̀mí níwájú pẹpẹ. Ojú tì í kí ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó wo inú abọ́ oúnjẹ.

Ó ní, “Wọ́n ti gbàdúrà sí i. Jókòó síbi tó o wà.”

Kúbúrá ní tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ire ni, ó sì bu òkèlè. Ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ńlá rọ̀ ni ògiri náà wó. Àwọn ọlọ́jà yòókù ti sá jáde nígbà tí wọ́n gbọ́ tó ń dún. Kúbúrá nìkan ni kò sá. Ẹnì kan tó kọjá lára rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé òun pè é, ó sì dáhùn pé wọ́n ti gbàdúrà sí i.

Ẹ ò rí ayé? Ìran Hilda ṣẹ. Òkìkí rẹ̀ kàn. Wọ́n ń ti Ẹdẹ wá, wọ́n ń ti Ìjẹ̀bú wá, wọ́n ń béèrè aríran Oníyanrìn tó rí ikú kó tó dé. Bàbá Ìjọ ra àga fún un níwájú ìjọ. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ làwọn èèyàn ń ra irọ́. Ìjọ Hilda ra irọ́ yẹn, wọ́n sì fi àga kún un. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n gbé àga náà wá ni Kúbúrá kọ́kọ́ jókòó sí ìdí ẹní.

Ẹnì kan tó ná ọjà Ìwó wá sọ pé òun rí Kúbúrá níbẹ̀, tó ń ta káún bí ìgbà tó wà láyé. Ẹ mọ̀ pé a gbà gbọ́ pé ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ ò tíì pé lè kú níbì kan kó máa gbé níbòmíràn. Àkúdàáyà la ń pè é. Sàídì alágbẹ̀dẹ, ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, wọ ọkọ̀ lọ sí Ìwó. Ó rìn yíká ìsọ̀ àwọn oníkáún, ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó padà wálé. Nígbà tí Hilda gbọ́, ó wọ yàrá lọ, ó sunkún. Òun mọ ibi tí Kúbúrá wà.

Lẹ́yìn ikú Kúbúrá, ìlú pariwo, kánsù sì dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ ní Bẹẹrẹ. Ọ́fíìsì Ojú Ìlú ni wọ́n kọ sí ara pátákó rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gbọ́ ẹjọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ní ohun tó rí sí iṣẹ́ kánsù, sí wolé-wolé, sí agbaṣẹ́ṣe, kó sì lọ wádìí rẹ̀. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, nítorí náà àwọn èèyàn ń pè é ní Ojú Alákàn. Ọ̀gbẹ́ni Japheth, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti òkè òkun dé, ló jókòó síbẹ̀.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì náà fi pín ìlú sí méjì. Ní ìsọ̀ Àkíbù onígbàjámọ̀ ní Ọjà'ba, àríyànjiyàn lórí rẹ̀ gbóná débi pé oníbàárà kan fi ìbínú jáde tòun ti ìdajì orí ní fífá. Àwọn kan ń sọ pé kí ni wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀ ju ẹjọ́ orogún àti ti ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ sọnù lọ. Wọ́n ní ilé kọ̀ọ̀kan ní mọ́gàjí, àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní ìjòyè, kí la tún fẹ́ fi àjèjì tó ń wọ ṣòkòtò péńpé ṣe. Wọ́n ní ọ́fíìsì tó ń ṣọ́ kánsù, ta ni yóò ṣọ́ òun náà? Ìbéèrè yìí gún régé, ẹ jẹ́ ká gbà. Àwọn kejì á ní ṣé mọ́gàjí tí ọmọ rẹ̀ ń bá agbaṣẹ́ṣe ṣiṣẹ́ ló máa dá agbaṣẹ́ṣe lẹ́jọ́? Wọ́n ní láti ìgbà tí Japheth ti dé, àwọn wolé-wolé kan ti dẹ́kun jíjí adìẹ ará ìlú gbé. Wọ́n ní ibi tí tálákà bá ti rí ẹni gbọ́ tirẹ̀, kódà kó jẹ́ ẹjọ́ ewúrẹ́, kì í ṣe ohun kékeré.

Hilda ti dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì náà rí. Ó fẹ́ wọlé. Àwọn obìnrin tó jókòó síta de Japheth rí i, wọ́n dá a mọ̀, wọ́n sì kúnlẹ̀. Ó gbọ́wọ́ lé wọn lórí lọ́kọ̀ọ̀kan, ó súre fún wọn, ó padà sílé.

Ọdún kejì òmìnira ni Ọládiípọ̀ gba iṣẹ́ míì, ilé ìgbẹ̀bí tuntun ní Ọ̀rányàn. Hilda lọ pọnmi níbẹ̀. Ó tó ẹni tí kì í pọnmi mọ́, àmọ́ ó fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i. Bí wọ́n ṣe ṣe é ní Ògùnpa náà ni wọ́n tún ṣe é: ọkọ̀ já sìmẹ́ńtì láàárọ̀, ọkọ̀ kó o padà lọ́sàn-án, aṣọ bo òkìtì. Ibẹ̀ sì jẹ́ ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí àgbàrá gbogbo òkè ń gbà kọjá, ẹsẹ̀ ògiri náà ló sì ń fọ̀ lọ. Wọ́n rẹ́ ẹ, wọ́n kùn ún ní funfun, ó ń dán. Sìdí, ọmọ Kúbúrá, tí ọkọ rẹ̀ ń gbé ní Ọ̀rányàn, lóyún àkọ́kọ́. Ó ti sọ fún gbogbo ayé pé nínú ilé funfun yẹn lòun máa bí i sí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí Hilda gbọ́ ọ̀rọ̀ Sìdí, Kúbúrá wá. Kò gbọn iyẹ̀pẹ̀. Ó jókòó jẹ́ẹ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ ó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì rí bíi tẹni tó ń béèrè iye ọjà.

Ó ní, “Ṣé kí n kó káún mi kúrò ni?”

Hilda dìde jókòó, òógùn bò ó. Ẹ̀rù bà á. Kì í ṣe ẹ̀rù òkú mọ́, ẹ̀rù pé òun máa tún dákẹ́ ni.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni wọ́n pe ìpàdé sí gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan ní Bẹẹrẹ, kí ará ìlú wá sọ bóyá kí wọ́n ti Ojú Alákàn pa tàbí kí wọ́n fi í sílẹ̀. Gbọ̀ngàn náà kún. Kánsẹ́lọ̀ Ọláyínká, tó fẹ́ kí wọ́n tì í, dìde, ó sì mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ó ní ẹ jẹ́ kí òun bi yín, nígbà tí ògiri Ògùnpa máa wó, ọ́fíìsì wo ló sọ ọ́ fún wa? Ó nawọ́ sí àga iwájú, níbi tí Hilda jókòó sí nínú aṣọ funfun rẹ̀. Ó ní obìnrin ilé wa tó jókòó yìí ló rí i. Ó ní ìlú tó ní irú ojú báyìí, kí ló fẹ́ fi ojú ọ̀gbẹ́ni àjèjì kan ṣe? Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ọládiípọ̀ tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Hilda mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Japheth dáhùn ṣókí. Ó ní ojú tí òun ní kì í ríran. Ohun tí ẹnì kan bá wá sọ fún òun nìkan lòun lè lọ wò. Wọ́n ní kó jókòó. Ọláyínká wá bẹ Hilda pé kó dìde kó bá ìlú sọ̀rọ̀.

Hilda dìde. Òórùn káún gba imú rẹ̀ kan, nínú gbọ̀ngàn tó kún fún òógùn àti lọ́fíńdà. Ó di àga mú.

Ó ní, “Ìran kọ́ ni mo rí. Mo ń pọnmi níbẹ̀. Ojú mi méjèèjì yìí ni mo fi rí i tí wọ́n ń fi amọ̀ mọ ọ́n, tí wọ́n ń kó sìmẹ́ńtì lọ. Mo purọ́ mọ́ Ẹ̀mí. Ilé ìgbẹ̀bí Ọ̀rányàn náà, amọ̀ ni.”

Bí Hilda ti ń sọ ọ́, ẹkún gbé e, gbogbo ara rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Gbígbọ̀n yẹn ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, nítorí àwọn ará ìjọ rẹ̀ mọ gbígbọ̀n náà. Wọ́n gbọ́ “amọ̀” lẹ́ẹ̀kan sí i. Wòlíì lu agogo, ó ké pé Ẹ̀mí ti sọ̀ kalẹ̀, ìrẹ̀lẹ̀ ló mú kí ìránṣẹ́ Ọlọ́run máa sẹ́ ara rẹ̀. Orin dìde láti ìhà ọ̀tún, ó ràn dé òsì. Hilda ń sọ pé rárá, rárá, wọ́n ń fi rárá rẹ̀ gbe orin. Ọládiípọ̀ ti ṣí fìlà, ó kúnlẹ̀, ó ní àbẹ́là ààwẹ̀ tọ̀tẹ̀ yìí náà, ọrùn òun ló wà. Japheth ń gbìyànjú láti dé ọ̀dọ̀ Hilda, ó ń bi í pé Màmá, níbo lẹ dúró sí, taa ni ọ̀gá wọn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè gbọ́ ọ. Nígbà tí orin rọlẹ̀, Ọláyínká ní kí ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n ti ọ́fíìsì náà na ọwọ́. Ọwọ́ ò lóǹkà.

Ẹnì kan ṣoṣo nínú gbọ̀ngàn náà ló gba Hilda gbọ́, òun sì ni ẹni tí Hilda ì bá fẹ́ kó má gbà á gbọ́. Sàídì alágbẹ̀dẹ ti jókòó sẹ́yìn láàárín àwọn ará Bẹ́yẹrúnkà. Kò kọrin. Ó dúró dè é níta.

Ó ní, “Ìyá Yẹmí, ṣé òótọ́ ni pé ojú lẹ fi rí i?”

“Ojú ni, Bàbá Sìdí.”

“Kúbúrá sọ fún mi pé òun bi yín bóyá kí òun kó ọjà òun kúrò. Kí lẹ sọ fún un?”

Hilda wo òkè Mápó, ó wo ilẹ̀. Kò sí aṣọ ìran tó lè fi bo eléyìí.

Ó ní, “Mo ní kó jókòó.”

Sàídì ò pariwo, kò gbọ́wọ́ sókè. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ títí bí ẹni pé nǹkan kan já bọ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní Sìdí ò gbọdọ̀ wọ ilé yẹn. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí àgbẹ̀dẹ, ó mú dígà. Hilda tẹ̀ lé e ní ọ̀ọ́kán. Nígbà tó dé ìdí ẹ̀rọ omi, ó bọ́ aṣọ funfun tó wọ̀ lékè, ó ká a, ó fi í ṣe oṣùká, ó yá garawa kan, ó pọn omi kún un.

Ọjọ́ ò tíì rọlẹ̀ nígbà tí wọ́n dé Ọ̀rányàn, èrò ìpàdé sì ti ń dé lẹ́yìn wọn. Sàídì gbá dígà mọ́ ẹsẹ̀ ògiri. Sìmẹ́ńtì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ya kúrò, amọ̀ yọjú. Àwọn èèyàn ní kí ló tún dé, ṣebí amọ̀ ni ilé gbogbo wa. Ọ̀gá àwọn bíríkìlà sáré jáde. Ó rí Hilda tó ń bọ̀ pẹ̀lú garawa, ó ní Ìyá Yẹmí, kí lẹ wá ṣe níbí?

Ó ní, “Omi ni mo wá pọn.”

Ó da omi náà sí ojú ibi tí dígà là. Ó lọ pọn òmíràn, ó tún dà á. Kò kọrin, kò gbọ̀n, kò wí nǹkan kan. Gbogbo ohun tó ń ṣe ò ju ohun tó ti ń ṣe láti ìgbà tó ti di opó. Amọ̀ ń yọ̀, ó ń ṣàn pupa gba àárín ẹsẹ̀ àwọn tó ń wòran. Ihò náà ń tóbi. Ògiri funfun tó wà lókè rẹ̀ là láti ìsàlẹ̀ dé ojú fèrèsé, ó sì dún. Gbogbo èèyàn sá sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sẹ́ni tó pe ìyẹn ní ìran.

Aláboyún kankan ò wọ ilé náà. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ayé wá tò. Àwọn tó ti Ojú Alákàn pa ní ẹ ò rí i pé a ò nílò ọ́fíìsì, ojú obìnrin kan ṣáà ló tú àṣírí. Àwọn tó fẹ́ ẹ ní obìnrin náà sọ ọ́ nínú gbọ̀ngàn tó kún fọ́fọ́, kò sì sẹ́ni kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gbọ́ ọ. Títí di òní wọ́n ṣì ń jà sí i ní ìsọ̀ Àkíbù. Wọ́n gbé Japheth lọ sí ìlú míì. Pátákó rẹ̀ di bẹ́ǹṣì oní-mọ́ínmọ́ín. Ọládiípọ̀ pa ìjọ tì fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó padà, wọ́n nu àga rẹ̀ fún un. Hilda ni wọ́n yọ nínú aríran. Wọ́n ní ó purọ́ mọ́ Ẹ̀mí. Ọdún tó fi pa irọ́ náà mọ́ra, wọ́n fún un ní àga. Ọjọ́ tó jẹ́wọ́, wọ́n gba àga.

Sìdí bímọ ní Bẹ́yẹrúnkà, nínú ilé bàbá rẹ̀. Obìnrin ni. Gbogbo ẹni tó rí i ní ojú Kúbúrá nìyẹn, ẹnu Kúbúrá nìyẹn, wọ́n sì sọ ọ́ ní Yétúndé. Hilda pọn omi ìkómọ wá fún wọn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Sàídì pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó bá a sọ garawa kalẹ̀, ó dúpẹ́. Ó ní omi náà, àwọn gbà á. Ó ní ṣùgbọ́n kó jọ̀wọ́, kó má wọlé. Hilda ní ó yé òun. Ó gbọ́ tí ọmọ náà ń ké nínú ilé bó ti ń lọ.

Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni ò jókòó sí ìdí ẹní mọ́. Ọ̀sán á kan, páànù á gbóná, Hilda á sùn sílẹ̀, á ká ẹsẹ̀ kò kí àyè lè wà. Kò ní gbọ́ òórùn nǹkan kan. Kò mọ̀ pé òun máa ṣàárò òkú. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó dìde, ó lọ sí Ògùnpa, ó ra káún lọ́wọ́ ẹni tó gba ìsọ̀ Kúbúrá. Ó gbé e sí ìdí ẹní, ó sì padà sùn.